Igun Mẹ́ta Tí Ọ̀gá Lé Kúrò Nínú Òbíríkítí

Ọkùnrin kan wà tí kò ṣe àṣìṣe rí láyé rẹ̀. Ẹ má bi mí pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́, àwọn tó ń gba owó oṣù lábẹ́ rẹ̀ sì jẹ́rìí sí i. Òun ni ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ tó ń ṣètò ìdánwò àṣekágbá fún gbogbo ilé ẹ̀kọ́, orúkọ tí wọ́n sì ń pè é lẹ́yìn ni Kòṣìṣerí. Ọjọ́ tí orúkọ náà kọ́kọ́ ta sí i létí, àwọn tó fi í ṣẹ̀fẹ̀ ti ń wá ibi tí wọ́n máa gbà sá, àfi bí ọ̀gá ṣe rẹ́rìn-ín músẹ́ tó ní kí wọ́n kọ ọ́ sára pátákó ẹnu ọ̀nà òun.

Nílé iṣẹ́ yẹn, àṣà méjì wà tó lágbára ju òfin lọ. Bí ọ̀gá bá ti sọ̀rọ̀ tán, gbogbo ẹni tó bá wà nínú yàrá á dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Gan-an ni, sà." Kò di dandan kí wọ́n gbọ́ ohun tó sọ. Èkejì ni pé ohunkóhun tí ọ̀gá bá fi bírò aláwọ̀ ewé rẹ̀ kọ, ẹnikẹ́ni kì í tún un kà, ká má tíì sọ pé a fẹ́ tún un ṣe. Akọ̀wé rẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ìtẹríba ti tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ kodoro, a máa fi ọwọ́ méjèèjì gba ìwé náà bí ẹni gba ọmọ tuntun, á lù ú ní òǹtẹ̀, ó di àṣẹ. Lọ́dún kan, bírò yẹn pe ìpàdé sí ọgbọ̀njọ́ oṣù kejì. Ẹ̀yin náà mọ iye ọjọ́ tó wà nínú oṣù kejì. Wọ́n kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé náà jáde síbẹ̀, wọ́n ní ọ̀gá sọ̀rọ̀ ọgbọ́n, wọ́n ní àtẹ́wọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ ya òrùlé, gbogbo wọn sì fọwọ́ sí i pé àwọn wà níbẹ̀.

Ẹni tó ń rí gbogbo eléyìí ni onítáìsì kan tó ti ń tún ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ibẹ̀ ṣe láti oṣù mẹ́ta. Àwọn èèyàn ńlá kì í rí ẹni tó bá wà lórí ìkúnlẹ̀. Wọ́n á máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, wọ́n á máa tú àṣírí ara wọn sí i lórí. Ọkùnrin yìí kò kàwé kọjá kíláàsì kẹfà, ṣùgbọ́n ó ti fi ọdún mẹ́rìnlélógún tẹ́ táìsì. Bó bá wo yàrá lẹ́ẹ̀kan, á sọ iye tó máa gbà á, bí iṣẹ́ bá sì parí, ohun tó bá ṣẹ́ kù kò ní kún àpò ẹ̀wù.

Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin ló máa ń bá a fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sílẹ̀ láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ. Ọmọ yìí fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn ayàwòrán ilé. Ó ní òun á máa ya ilé, bàbá òun á máa tẹ́ ẹ. Máàkì àádọ́ta nínú ìṣirò ni wọ́n ń béèrè níbẹ̀, ìforúkọsílẹ̀ sì máa parí ní òpin oṣù. Èsì ìdánwò jáde, ọmọ gba mẹ́rìndínláàádọ́ta.

Nígbà tí bàbá dé láti ibi iṣẹ́, ó bá a lórí garawa ọ̀dà tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ó ń wo ìwé ìdáhùn tí wọ́n dá padà fún un. Kò sunkún. Ìyẹn gan-an ló ba bàbá lẹ́rù. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ìbéèrè keje yìí. Máàkì mẹ́wàá ni. Mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹfà láti àárọ̀." Ó fa òbíríkítí kan sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń sá fún ìṣirò láti kékeré, ẹ dúró, kò ní pa yín. Láti àárín òbíríkítí dé etí rẹ̀ jẹ́ mítà méje. Ọmọ náà fa ìlà méjì láti àárín lọ sí etí, wọ́n sì pàdé ní àárín bí igun yàrá ṣe ń pàdé. Ohun tó wà láàárín wọn ni ègé, ìdá kan nínú mẹ́rin òbíríkítí náà ló jẹ́, mítà onígun mẹ́rin méjìdínlógójì àti ààbọ̀. Ó wá fa ìlà kan tó so orí àwọn ìlà méjèèjì pọ̀ ní etí. Ègé pín sí méjì: igun mẹ́ta lápá inú, àti ẹ̀bá kan lápá òde tó rí bí ọrun àti ọsán rẹ̀. Ẹ̀bá yẹn nìkan ni ìdánwò ní kí wọ́n wọ̀n. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n á mú ègé, á yọ igun mẹ́ta kúrò nínú rẹ̀. Igun mẹ́ta jẹ́ mẹ́rìnlélógún àti ààbọ̀.

"Ṣé o yọ ọ́?" bàbá béèrè.

"Mo yọ ọ́, sà. Ó ku mẹ́rìnlá."

Bàbá bẹ̀rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ wọn ilẹ̀ náà, ó ń ka táìsì tí kò sí níbẹ̀. Ó kà á lọ, ó kà á bọ̀. Ó ní mẹ́rìnlá náà ni. Ṣùgbọ́n bírò pupa ti fagi lé mẹ́rìnlá yẹn, wọ́n sì kọ méjìdínlógójì àti ààbọ̀ sí iwájú rẹ̀. Ó wá yé àwọn méjèèjì. Ẹni tó kọ ìwé ìdáhùn fún àwọn tó ń máàkì ti gbàgbé láti yọ igun mẹ́ta kúrò, wọ́n sì fìyà jẹ gbogbo ọmọ tí kò bá a gbàgbé. Inú bí bàbá débi pé kò lè jẹun.

Ta ló kọ ìwé ìdáhùn? Ẹ tún ń béèrè ni? Bírò aláwọ̀ ewé ni.

Olùkọ́ ìṣirò ọmọ náà ti kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ náà ṣáájú lórí ìbéèrè keje yìí. Èsì tó rí gbà ni pé wọ́n gbé e kúrò ní kíláàsì lọ sí ilé ìkẹ́rùsí, kó lọ máa ka àwọn àga tó ti kán. Onítáìsì mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ó ṣí fìlà, ó fọ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kúrò nínú sìmẹ́ǹtì, ó sì wọ yàrá ọ̀gá nígbà tí ìpàdé ń lọ lọ́wọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ ọmọ mi ni. Ìbéèrè keje nínú ìṣirò, ó dà bí ẹni pé igun mẹ́ta inú rẹ̀ ni wọn ò yọ kúrò."

Òǹtẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ akọ̀wé. Kòṣìṣerí kò bínú o. Ó wo onítáìsì tàánú-tàánú, ó dìde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó to ẹ̀wù rẹ̀, ó rìn dé ojú fèrèsé kó lè jẹ́ pé ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ á ti máa bá a lójú.

"Onítáìsì, wo òbíríkítí dáadáa. Ṣé ó ní igun?"

"Kò ní, sà."

"Láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ta ló rí igun lára òbíríkítí rí? Kò sí! Ta wá ló gbé igun mẹ́ta wọlé? Àjèjì ni, arúfin ni. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ mi, ẹ gbọ́ o, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí wọn ò tíì bí. Èmi kò gbàgbé igun mẹ́ta. Mo kọ̀ ọ́ ni."

"Gan-an ni, sà."

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ìgbà tó ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ. Àmọ́ ó dùn mọ́ ọn lẹ́nu, ó sì pe bírò. Kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, àṣẹ ti jáde pé láti òní lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú igun mẹ́ta wọ inú ọ̀rọ̀ òbíríkítí ní ilé ẹ̀kọ́ èyíkéyìí. Wọ́n ní kí onítáìsì padà sí orí ilẹ̀ tó ti wá.

Ẹ mọ àwọn tó ń wá ojúrere. Bí ọ̀gá bá sín, òtútù á mú wọn. Ọ̀gá lé igun mẹ́ta kúrò nínú òbíríkítí. Àwọn lé e kúrò nínú ilé iṣẹ́. Wọ́n kó gbogbo rúlà onígun mẹ́ta inú dúrọ́ọ̀ jùnù. Wọ́n já àwọn àsíá wẹ́wẹ́ onígun mẹ́ta tó wà lára ògiri. Wọ́n gbé àmì onígun mẹ́ta tí onítáìsì gbé kalẹ̀ láti fi kìlọ̀ pé ilẹ̀ tutù kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, akọ̀wé yọ̀ níbẹ̀ gan-an, ó fi ìdí balẹ̀, fáìlì fọ́n ká. Wọ́n bi í léèrè bóyá kí wọ́n dá àmì náà padà. Ó di ìbàdí mú, ó ní ìṣubú náà kò dun òun tó bí ọ̀gá ṣe gbọ́n tó.

Òun náà ló wá dá a lábàá pé ó yẹ kí wọ́n fi oyè Bàbá Òbíríkítí dá ọ̀gá lọ́lá, kí Mínísítà fúnra rẹ̀ wá gbé e fún un ní gbangba, kí wọ́n sì mọ pèpéle tuntun síwájú ilé iṣẹ́ fún ọjọ́ náà. Ọ̀gá kọ̀ lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n lè bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó wá ya àwòrán pèpéle fúnra rẹ̀. Kí wá ló yà? Òbíríkítí ìbéèrè keje ni, mítà méje láti àárín dé etí. Wọ́n gé ẹ̀bá kan náà kúrò kí iwájú lè tẹ́jú fún àtẹ̀gùn, ohun tó sì kù lẹ́yìn tí wọ́n gé e ni pèpéle. Mítà onígun mẹ́rin ogóje ni onítáìsì ka ohun tó kù yẹn sí, ní ojú lásán, kó tó sọ àpò irinṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀.

Ọ̀gá kà á lọ́nà tirẹ̀. Ó mú òbíríkítí, ó yọ ègé kan ṣoṣo kúrò, ó ku ègé mẹ́ta, ìyẹn mẹ́ẹ̀ẹ́dógúnlélọ́gọ́rùn-ún àti ààbọ̀. Igun mẹ́ta tó yẹ kó fi kún un padà ńkọ́? Wọ́n ti fòfin dè é. Táìsì mẹ́rin ló ń lọ sí mítà onígun mẹ́rin kan, nítorí náà bírò aláwọ̀ ewé kọ ọ̀tàlénírinwó ó lé méjì, pẹ̀lú ọgbọ̀n fún àwọn tó máa bàjẹ́ nínú gígé.

Onítáìsì gba ìwé náà, ó wò ó, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ má bínú. Méjìdínlọ́gọ́rùn-ún ló máa dín."

"Níbo ló ti máa dín?"

"Nínú igun mẹ́ta yẹn náà ni, sà."

Akọ̀wé fi ìka di etí. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó bi onítáìsì bóyá ó kàwé dé yunifásítì, ó gba ìwé padà, ó sì kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi táìsì ẹyọ kan kún un, ì báà ṣe èyí tó gbé wá láti ilé ara rẹ̀. Onítáìsì dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n lù ú ní òǹtẹ̀ fún òun. Wọ́n lù ú. Ó ká a sínú ọ̀rá, ó fi sábẹ́ irinṣẹ́ rẹ̀.

Èmi kò ní parọ́ fún yín nítorí pé mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí. Ó lè fi ibi tí táìsì kò dé sí ẹ̀yìn, kí wọ́n fi ìkòkò òdòdó bò ó, kí ayẹyẹ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn ló ti bẹ̀rẹ̀, ó ń tẹ́ ẹ bọ̀ láti etí róbótó lọ sí àárín, lọ́tùn-ún àti lósì, gbogbo oríkèé rẹ̀ tọ́ bí okùn. Nígbà tí táìsì tán, pèpéle ń dán bí omi, àfi igun mẹ́ta kan ṣoṣo níwájú tí sìmẹ́ǹtì rẹ̀ hàn ketekete. Ṣóńṣó rẹ̀ wà ní àárín gan-an, níbi tí àga ọ̀gá máa wà, ìdí rẹ̀ sì tẹ́ gbogbo iwájú lọ dé orí àtẹ̀gùn. Ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kó mú ìwé ìdáhùn rẹ̀ dání lọ́la, kó sì mú ṣọ́ọ̀kì. Ọjọ́ mẹ́ta ló kù kí ìforúkọsílẹ̀ parí.

Láàárọ̀ ọjọ́ ayẹyẹ, akọ̀wé rí i, ó sì sáré lọ bá ọ̀gá. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe máa dárúkọ ohun tí wọ́n ti fòfin dè?

"Ọ̀gá, nǹkan kan wà níwájú pèpéle."

"Nǹkan wo?"

"Ó ní ẹ̀gbẹ́ kan, sà. Ó tún ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ó wá tún ní òmíràn."

Ọ̀gá ní kí wọ́n ká kápẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì òun lọ bò ó. Wọ́n bò ó. Wọ́n gbé àga ńlá sí àárín bí ètò ṣe wí, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ lórí táìsì, ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ nínú kòtò abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Bí Kòṣìṣerí ṣe jókòó báyìí, àga dorí kọ iwájú, ó sì di ẹni tó ń tẹrí ba fún gbogbo èèyàn láti ìbẹ̀rẹ̀ ètò. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di apá àga mú. Bí akọ̀wé ṣe ń ka oríkì rẹ̀, tó ń pè é ní òkun ìmọ̀ tí kò ní etí, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá ń yọ̀ bọ̀ sí iwájú díẹ̀díẹ̀, tó ń fi ìdí wọ́ ara rẹ̀ padà.

Mínísítà jẹ́ obìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó gun àtẹ̀gùn, ó ń bọ̀ wá gbé oyè fún ọ̀gá, ni bàtà onígìgísẹ̀ rẹ̀ bá kọ́ létí ibi tí táìsì parí sí. Díẹ̀ ló kù kó ṣubú. Ó dúró, ó fi ẹsẹ̀ tẹ kápẹ́ẹ̀tì wò níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, ó ní kí wọ́n ká a kúrò.

Wọ́n ká a. Gbogbo èrò tó wá, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ àti òbí, rí i.

"Kí ló dé tí táìsì kò dé ibí?"

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ọ̀gá fò dìde, ó na ìka sí onítáìsì tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó. Ó ní olè ni, ó ní ó ti jí táìsì ìjọba gbé, kí wọ́n mú un. Ọlọ́dẹ méjì sì dì í mú lọ́rùn ẹ̀wù lójú ọmọ rẹ̀. Onítáìsì wo àpò irinṣẹ́ rẹ̀. Ó rò ó pé bí ìwé inú àpò yìí kò bá gba òun, ẹ̀wọ̀n ni òun máa ti gbọ́ pé ìforúkọsílẹ̀ ti parí. Ó ní, "Mínísítà, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí n mú nǹkan kan nínú àpò mi."

Mínísítà gba ìwé tó wà nínú ọ̀rá. Ó kà á sókè, títí kan ìlà ìsàlẹ̀ tó ní kí ẹnikẹ́ni má fi táìsì ẹyọ kan kún un. Ó wo bírò aláwọ̀ ewé tó wà nínú àpò àyà ọ̀gá. Ó ní kí àwọn ọlọ́dẹ fi ọkùnrin náà sílẹ̀.

"Ọ̀gá àgbà, mélòó ló dín?"

Ẹ wo ọ̀nà bó ṣe dí. Bó bá dárúkọ iye kan, igun mẹ́ta ti padà dé nìyẹn. Bó bá sì ní kò dín, sìmẹ́ǹtì ń wò ó lójú. Kòṣìṣerí fọn àyà jáde.

"Kò dín nǹkan kan."

"Kí wá ni mo dúró lé yìí?"

"Kò sí níbẹ̀, Mínísítà."

"Gan-an ni, sà," ni gbogbo ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ dáhùn láti ẹ̀yìn. Àṣà ni, wọn ò mọ ìgbà tó bọ́ lẹ́nu wọn.

Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà àwọn òbí. Nígbà tó yá, ọlọ́dẹ pàápàá fi ọwọ́ bo ẹnu. Láàárín ẹ̀rín yẹn ni ọmọ onítáìsì gun àtẹ̀gùn, ó kúnlẹ̀ kí Mínísítà, kò sì dìde mọ́. Orí ìkúnlẹ̀ yẹn náà ló ti fi ṣọ́ọ̀kì ṣe ìṣirò sórí sìmẹ́ǹtì. Méje lọ́nà méje, mọ́kàndínláàádọ́ta. Pín in sí méjì, mẹ́rìnlélógún àti ààbọ̀. Lọ́nà mẹ́rin, méjìdínlọ́gọ́rùn-ún. Ó ní, "Méjìdínlọ́gọ́rùn-ún ló dín, mà. Bàbá mi ti sọ ọ́ fún wọn."

"Ṣé ìwọ náà ṣe ìdánwò yẹn?"

"Mo ṣe é, mà. Wọ́n fún mi ní mẹ́rìndínláàádọ́ta." Ó na ìwé ìdáhùn sí i.

Mínísítà ka ìbéèrè keje lórí ìdúró. Ó gbé ìwé oyè Bàbá Òbíríkítí padà fún ẹni tó bá a gbé e wá, ó ní kó dá a padà sínú ọkọ̀. Ọ̀gá sì jókòó, àga sì rọra dà á sílẹ̀ sórí ohun tí kò sí níbẹ̀.

Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi tún ìbéèrè keje máàkì. Ọmọ onítáìsì gba mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, ó sì forúkọ sílẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ tó kẹ́yìn. Olùkọ́ ìṣirò padà sí kíláàsì. Àga tó kán kò sì lè wà láìní ẹni tó máa kà á, nítorí náà wọ́n gbé Kòṣìṣerí lọ sí ilé ìkẹ́rùsí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó fi bírò aláwọ̀ ewé kọ iye àga tó bá níbẹ̀. Wọ́n tún un kà. Akọ̀wé wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá tuntun ní òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa sọ "gan-an ni" fún òun mọ́, akọ̀wé sì ní gan-an ni.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n kó táìsì méjìdínlọ́gọ́rùn-ún dé. Bàbá kúnlẹ̀ sí orí pèpéle, ọmọ rẹ̀ ń kà á fún un, ó ń nà án sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí bàbá bá gé ní apá òsì, ìyókù rẹ̀ ló fi ń dí apá ọ̀tún. Ó fi ẹ̀yìn òòlù kan èyí tó kẹ́yìn pẹ́pẹ́pẹ́ títí tó fi jókòó.

"Bàbá, mélòó ló dín?"

Ó fi àkísà nu ojú ilẹ̀, ó wò ó láti ìsàlẹ̀ bó ṣe máa ń wo nǹkan.

"Kò dín nǹkan kan."